Aṣọ Pupa Lára Igi

3.

…a sì wọ igbó ọba náà. Kò sí pátákó. Kò sí ojú ọ̀nà kankan. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi. Ohun tó bá díjú ni mo máa ń fẹ́ tú.

4.

Ọgbọ́n tí mo dá:

Ya aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́.
So ó mọ́ igi níbi tí a bá ti yà.
Tí a bá ń padà, ká máa tẹ̀lé pupa.

Mùnírù ọ̀rẹ́ mi ń lọ níwájú. Èmi ń so ó lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò sọ fún un.

5.

Mo ń gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀ lórí fóònù. Ohùn tiwa ló wọlé.

MÙNÍRÙ: Akin, ṣé o tiẹ̀ mọ ibi tí à ń lọ?
ÈMI: Ìwọ lo wà níwájú.
MÙNÍRÙ: Ọmọ yunifásítì! Tí ejò bá bù mí ṣán, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún màmá mi n'Ipele o.
ÈMI: Màá ní o kí wọn.
MÙNÍRÙ: Orí ẹ ò pé. Dúró, jẹ́ n tọ̀.
(Ewé ń mì.)
(Ewé ò mì mọ́.)

6.

Mùnírù.

7.

Mùnírù!

8.

Mo pe Bàbá Dominic, àgbẹ̀ tí a gbé ọ̀kadà wa sílé rẹ̀ n'Ijagba.

BÀBÁ: Kí lo ní o so?
ÈMI: Aṣọ pupa, bàbá. Tí Mùnírù bá rí i, á tẹ̀lé e jáde.
BÀBÁ: Ta ló rán ọ? Pupa làwa ará Ijagba fi ń kìlọ̀ fún ara wa pé tàkúté wà lẹ́sẹ̀ igi. Irin tó ń mú ìgalà! Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́, ṣé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀?
ÈMI: Ijagba ni bàbá àgbà rẹ̀ ti tọ́ ọ.
BÀBÁ: Yéè! Á máa sá fún un nìyẹn. Ọmọ mi, má kúrò níbẹ̀. À ń bọ̀ wá—
(Ó já.)

9.

Gbogbo aṣọ tí mo so ń lé e wọnú igbó.

10.

Mùnírù, lórí Wásáàpù:
*Akin tàkúté ló kún ibí. Pupa ni ṣáá. Mo ń gba ibòmíì. Má tẹ̀lé mi o*

Èmi:
*Èmi ni mo so ó!! Tẹ̀lé e!!*

Kò lọ.

11.

Mo kúrò níbẹ̀.

12.

Ilẹ̀ ń ṣú. Aṣọ kan rèé lára igi. Kókó rẹ̀ jọ tèmi.

Kò jọ tèmi.

13.

MÙNÍRÙ: Akin? Ìwọ nìyẹn?
ÈMI: Èmi ni! Dúró!
MÙNÍRÙ: Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìwọ lo so ó?
ÈMI: Èmi ni, ṣùgbọ́n—
MÙNÍRÙ: Wèrè! Eléyìí náà ńkọ́, tó wà láàárín wa yìí? Ṣé tìẹ ni?

14.

(Ewé ń mì níhà ti Mùnírù.)