Ẹ́ńjìnnì Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Tú Wò

Àjà yàrá ẹ̀yìn ló wó nínú òjò, ni Akíndélé bá já ilẹ̀kùn, ó sì wọ́ máṣíìnì bàbá rẹ̀, alùpùpù àtijọ́ kan, jáde sí oòrùn. Ìyá rẹ̀, Adéwùmí, ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni máṣíìnì yẹn fi wà lábẹ́ àpò kòkó nínú yàrá náà ní Ìkẹ́rẹ́. Adéwùmí fúnra rẹ̀ ló tì í mọ́bẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní etí ìró rẹ̀. Àwọn ará ilé rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀fọ̀ nìkan kọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí mẹ́káníìkì má lọ tú ẹ́ńjìnnì yẹn wò. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rí wà, ẹ̀rí ẹni tó fa ikú Bọ́ládé ọkọ rẹ̀. Ẹni náà kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n lù nítorí rẹ̀.

"Màámi, mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì," ni Akíndélé wí. "Iye ọdún tí bàbá mi lò láyé nìyí. Mo fẹ́ gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrántí wọn."

"Irin tó pa bàbá rẹ lo fẹ́ gùn."

"Irin kọ́ ló pa wọ́n. Mẹ́káníìkì ni. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

Adéwùmí tẹ̀ ba, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀. Òun ló sọ fún un lóòótọ́.

Akíndélé da òkúta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì sínú tánkì, ó ń mì í títí ìpẹtà fi ń tú jáde bí omi osùn. Ó fọ kábúrétọ̀, ó ha pọ́lọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ẹsẹ̀ gbá irin tí wọ́n fi ń tan án, irin náà kò wọlẹ̀ rárá. Ó le gbagidi bí ẹni fi símẹ́ǹtì mọ ọ́n. Àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe wá wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kadà kọ́ lèyí, bàbá tó bí ọ̀kadà ni. Tiwa, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì la ń da ọ́ìlì sí, ó parí. Èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù kó tó lè rìn, àwọn àgbà ló mọ̀ ọ́n. Bàbá kan wà ní Imesi-Lasigidi, Bàbá Ìtùnú ni wọ́n ń pè é. Lọ bá a."

Adéwùmí gbọ́ láti ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó gbàdúrà sínú pé kí ìpẹtà ti jẹ inú ẹ́ńjìnnì náà tán.

Akíndélé lọ júwe máṣíìnì náà fún un. Ní Sátidé, ọkọ̀ já bàbá náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àpò sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Adéwùmí kò dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́ nílẹ̀ ló dá mọ̀, nítorí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ẹsẹ̀ yẹn di bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú ulé o, Ìyá Akin."

"Solomon," ni obìnrin náà wí.

Akíndélé yíjú sí wọn. "Ẹ mọra yín ni?"

"A mọra dáadáa. Èmi ni mò ń tún máṣíìnì yìí ṣe fún Tíṣà, bàbá rẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìgbárà-Odò."

Pépà tí Akíndélé fi ń ha irin jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àwọn géńdé wọ́ mẹ́káníìkì jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun náà ṣa òkúta, ó jù ú, ó sì ba mẹ́káníìkì náà lọ́rùn. Àwọn àgbà ní ọmọ bàbá rẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Wọ́n ní n ò de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, wọ́n ní mo ti mutí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fọ́ ẹsẹ̀ kejì pẹ̀lú, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n tú ẹ́ńjìnnì náà wò. Wọn kò gbà." Ó jókòó sórí àpótí. "Ọjọ́ tí o wá júwe máṣíìnì pupa fún mi ní Imesi ni mo ti mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. N ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́ kí n rí inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀bi mi, òkúta kò tíì tán ní Ìkẹ́rẹ́."

"Akin, jẹ́ kí wọ́n máa lọ," ni Adéwùmí wí. "Òkú ti jẹrà."

Akíndélé wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkùnrin náà.

"Ẹ tú u."

Adéwùmí bu omi wá fún àlejò, bí àṣà ti rí. Solomon kò gbà á. "Ẹ jẹ́ kí n rí inú ẹ́ńjìnnì ná, Ìyá Akin. Ó lè jẹ́ apààyàn lẹ ń bu omi fún."

Ó tú nọ́ọ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí páànù. Orí ẹ́ńjìnnì ṣí, ṣùgbọ́n bárẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọ̀. Ó da kẹrosíìnì yí i ká, ó fi igi tì í, ó fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Níkẹyìn, ó yọ. Solomon gbé písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń yí i bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó sọnù.

"Fọwọ́ kàn án," ló wí fún Akíndélé. "Ìpẹtà kọ́ lèyí. Irin ló ha irin, tó gbóná, tó yọ́, tó lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀kán ọ́ìlì kan kò sí nínú ohun tó mu láàárọ̀ yẹn. Bẹntiróòlù lásán ni. Orí eré ló gan, táyà ẹ̀yìn dúró lójijì, Tíṣà sì fò lọ. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí mo dè, o rí i bí mo ṣe làágùn kí n tó tú wọn." Ó gbé e kalẹ̀. "Ta ló po epo fún un?"

"Màámi ló máa ń pò ó," ni Akíndélé wí. "Agolo mílíìkì kan sí gálọ́ọ̀nù…" Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

Adéwùmí ti ní ìdáhùn nílẹ̀. Ó ti tò ó láti ọdún pípẹ́: òun pò ó, ọ́ìlì ọjà ni kò dára. Ó ti yanu tán.

"Ìyàwó mi ti kú," ni Solomon wí. Kò sọ ọ́ sí ẹnì kan. "Lórí ibùsùn ikú ló ti bi mí pé, Solomon, ṣé o dè é le lóòótọ́? Ẹni tó bá mi sùn fún ogún ọdún."

Irọ́ náà kò lè jáde mọ́.

"Èmi ni," ni Adéwùmí wí. "Ọ́ìlì ṣẹ́kù díẹ̀ nínú ìgò, mo dà á sínú ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Mo ní n óò ra òmíràn tílẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, bàbá rẹ ń kánjú. Mo da epo lásán sí i. Ó bi mí láti balùwẹ̀ pé ṣé mo ti pò ó. Mo ní mo ti pò ó."

"Ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí wọ́n ń lu Bàbá Ìtùnú?" ni Akíndélé bèèrè.

"Mo mọ̀."

"Ẹ rí mi pẹ̀lú òkúta."

"Mo rí ọ."

Akíndélé wólẹ̀ fún Solomon nínú kẹrosíìnì tó dà sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò tì í, kò sì ní kó dìde. Ìyá Akíndélé ló yíjú sí.

"Ẹ wọ bàtà. Àwọn ọmọ mi wà nílé. Ọmọ apààyàn ni wọ́n ń pè wọ́n dàgbà. Ẹnu yín ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì dé Imesi-Lasigidi kí oòrùn tó wọ̀. Ìtùnú, àkọ́bí Solomon, kúnlẹ̀ kí Màmá àlejò, ó gbé àga tó dára jù fún un. Ó ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì lóko. Adéwùmí jókòó sórí àga náà, ó ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n pé, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ìgò ọ́ìlì, kò fo balùwẹ̀.

Wọn kò bú u. Àbíkẹ́yìn wọn, Jùwọ́n, ló sọ̀rọ̀.

"Màmá, ìyá wa ti kú. Ta ni yóò lọ sọ fún un?"

Ìtùnú dìde, ó sọ fún Màmá àlejò pé ọkọ̀ Adó tó kẹ́yìn, tí wọn óò wọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́, ti fẹ́ lọ.