Ibi Tí Púlì Yóò Wà

"Gbé dírílì yẹn sílẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n ló ké bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀ lórí ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tí wọ́n gbé lé igi nínú ọgbà iṣẹ́ wọn, kò sì gbé nǹkan kan sílẹ̀. Àmì méjì ló wà lójú pákó níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ọ̀kan, òun fi pẹ́ńsùlù fa èkejì, ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì péré ló sì wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ púlì ni. Inú rẹ̀ ni okùn ìgbòkun iwájú ń gbà kọjá, ibi tó bá wà ló sì ń sọ bí ìgbòkun, aṣọ tó ń gbé ọkọ̀ rìn, ṣe máa gba afẹ́fẹ́. Bàbá wọn tó ti kú fi ọ̀pá ìwọ̀n kan sílẹ̀, ibi àmì kẹta rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n sì ń de púlì gbogbo ọkọ̀ mọ́. Èèyàn lè bú Ẹ̀gbọ́n kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọ̀pá yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbòkun tí Ìyá Nọ́ọ̀sì rà yìí ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tí Bàbá gé ọ̀pá fún lọ. Ká sún púlì síwájú."

"Ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i."

"Èmi ò gun igi. Orí ọkọ̀ ni mo wà."

Ìyá Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì tó wá wo ọkọ̀ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

Àbúrò fi okùn so púlì mọ́ ibi àmì ṣọ́ọ̀kì, ó gbé ìgbòkun sókè, ó fa okùn. Ìsàlẹ̀ ìgbòkun le, òkè ń gbọ̀n pẹpẹpẹ. Ó sún púlì dé ibi àmì pẹ́ńsùlù, ó tún fà á. Òkè dákẹ́. Ìgbòkun wú látòkè délẹ̀, ọkọ̀ sì mì lórí igi.

Ẹ̀gbọ́n rí i. Ohun tó bí i nínú gan-an nìyẹn.

"Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ lásán! Tó o bá lu ihò síbẹ̀, kó irinṣẹ́ ẹ, kó o máa lọ. Ọgbà yìí ò lè gba ọ̀gá méjì."

Àbúrò wo àmì méjèèjì. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì mọ ibòmíì. Ṣùgbọ́n inú bí i. Ihò ojú ọkọ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń pa rẹ́. Téèyàn bá ṣì í lù tó sì dí i, bó pẹ́ bó yá, omi á wọlé, pákó á jẹrà. Bàbá fúnra rẹ̀, ọwọ́ ta ló ti gbàṣẹ kó tó gé ọ̀pá tirẹ̀? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ó ki dírílì bọ ibi àmì pẹ́ńsùlù. Ó lu ihò, ó da gúlúù sí i kómi má baà wọlé, ó fi bóòtù irin de púlì mọ́ ọn pinpin. Ó kọjá sí apá kejì ọkọ̀, ó ṣe bákan náà fún púlì ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ sínú àpótí.

"Kí lò ń ṣe?" Ohùn Ẹ̀gbọ́n ti rọ̀.

"Ẹ ní kí n máa lọ."

"Inú ló ń bí mi nígbà yẹn."

"Ó ń bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́, mo sì ti lù ú."

Ó gbé àpótí lé èjìká, ó yíjú sí Ìyá Nọ́ọ̀sì. "Mà, tí ìgbòkun yẹn bá gbọ̀n lójú omi, ẹ má bá Ẹ̀gbọ́n mi wí o. Èmi ni kẹ́ ẹ wá."

"Ibo ni n ó ti rí ẹ, ọmọ mi?"

"Èmi náà ò tíì mọ̀, mà. Tí mo bá ti rí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ sọ fún."