Obìnrin Tó Dúró Níwájú Pátákó

"Bo ojú ọ̀tún," ni Dókítà Ẹlúyẹmí wí, ó sì na ṣíbí dúdú pẹlẹbẹ kan sí i.

Morádéyọ̀ gbà á, ó fi bo ojú ọ̀tún, ó sì kọjú sí pátákó lẹ́tà tó wà lára ògiri lọ́ọ̀ọ́kán. Obìnrin náà ti dé ibẹ̀. Ó dúró gangan níwájú pátákó, ó ró aṣọ aró, ó wé gèlè pẹlẹbẹ bíi ti àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan bo ojú òsì. Kò gbin. Kò mira. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de ẹnì kan.

"Máa kà á láti òkè."

Morádéyọ̀ kò nílò láti rí i. Ó ti há pátákó náà sórí. Wùnmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé ní Ìkọ̀lé, ti ṣáájú rẹ̀ wá ṣe àyẹ̀wò ojú níbí lóṣù tó kọjá, òun ló sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni Morádéyọ̀ fi kọ́ ọ, nígbà tó bá ń fọ abọ́, nígbà tó bá ń dáná, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ẹsẹ Bíbélì fún àjọ̀dún.

"E," ló wí. "F, P. T, O, Z. L, P, E, D."

Ó kà á lọ ketekete títí ó fi dé ìlà tó kéré jù. Nígbà tó ṣe tán, ó retí kó gbọ́ ìró bírò lórí fọ́ọ̀mù. Kò gbọ́ ọ.

"Morádéyọ̀," ni dókítà wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ta ló dúró dí ọ lójú?"

"Sà?"

"Ò ń yọrí. Ìlà kọ̀ọ̀kan tí o bá kà ni ò ń na ọrùn sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí èèyàn gíga kan dúró síwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa méjì péré la sì wà nínú yàrá yìí."

Ó mú ṣíbí kúrò lójú. Pátákó ló wà níbẹ̀, ògiri, àti fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Láti àárọ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń lọ dáadáa. Fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà gùn tó ojú ewé méjì, Nọ́ọ̀sì Adébísí sì ti fi àmì sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wọn gíga rẹ̀. Ó ní kó na ọwọ́ kan àmì lára ògiri, níbi tí àpótí ẹrù èrò máa ń ga dé nínú bàálù, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá rẹ̀. Ìfúnpá rẹ̀ dára, etí rẹ̀ ń gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní àbùkù. Ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pamọ́ sáàárín àwọn àmì aláwọ̀ tótòtó nínú ìwé tí wọ́n ṣí fún un. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ka pátákó tán láìsí wàhálà. Ó ku àpótí kan ṣoṣo tí wọn kò tíì fi àmì sí, èyí tó ní kí ojú kọ̀ọ̀kan dá dúró kó ríran, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú gíláàsì.

Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ìtọ́jú èrò inú bàálù ní Èkó. Mọ́kànlá ni wọ́n mú. Màmá rẹ̀ ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ayégbajú, ìjọ sì ti bá a dúpẹ́.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró níbẹ̀?" ni dókítà bi í, bí ẹni ń bèèrè ọjọ́ orí ọgbẹ́.

Morádéyọ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà ọyẹ́ ni òpó iná àdúgbò wọn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kọdọrọ lójú òsì rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kùrukùru kan jókòó sí àárín ohunkóhun tó bá wò. Nígbà tí òjò wá pọ̀, obìnrin náà jáde nínú kùrukùru.

"Láti oṣù kẹfà, sà."

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀?"

"Rárá, sà."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Dókítà kán oògùn sí i lójú méjèèjì, ó ní kó dijú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tan iná kékeré sí ẹyinjú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí Morádéyọ̀ ń gbóòórùn orógbó lẹ́nu rẹ̀. Ó wò ó títí. Àgbàlagbà ni, kì í kánjú.

"Àárín ẹ̀yìn ojú òsì rẹ ń kú díẹ̀díẹ̀," ló wí nígbà tó jókòó padà. "Bí ojú kò bá rí nǹkan gbé wá fún ọpọlọ mọ́, ọpọlọ á fi tirẹ̀ dí àlàfo náà. Mo tọ́jú ìyá kan tó ń rí àwọn ọmọ kéékèèké lórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀. Mo tọ́jú bàbá kan tó ń rí àwọn ọkùnrin onífìlà pupa lẹ́nu ọ̀nà. Orí àwọn méjèèjì pé. Wọn kì í sọ̀rọ̀, àwọn tí wọ́n ń rí yẹn, wọn kì í sì í sábà jẹ́ ẹni tí èèyàn mọ̀."

"Ojú ọ̀tún mi dára, sà. Ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Dókítà kò bínú. Ó gbé bírò, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ká ní iná sọ nínú bàálù," ló wí, "tí èéfín kún ibẹ̀, tí eérú tàbí omijé dí ojú rẹ tó dára. O ti ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀. O bojú wẹ̀yìn, obìnrin kan ṣì dúró láàárín èéfín. Ṣé wàá padà lọ mú un, àbí wàá bẹ́ sílẹ̀?"

Morádéyọ̀ gbé ṣíbí dúdú náà kalẹ̀.

"Ìdí tí wọ́n fi ń wò ó nìyẹn. Kì í ṣe nítorí ẹwà." Ó kọ ohun tó rí sínú àpótí náà, ó sì ká fọ́ọ̀mù. "Oògùn wà tó lè dá a dúró bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Bí a bá jáfara, ojú ọ̀tún á tẹ̀ lé e. Padà wá lọ́la. Ta ló ní irú ojú yìí nínú ẹbí yín?"

"Kò sí, sà."

Ìta funfun nígbà tó jáde. Oògùn tí wọ́n kán sí i lójú ti ṣí ẹyinjú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, oòrùn sì ń rọ́ wọlé bí omi. Àwọn tó ń kọjá ní títì Ìdó kò ní ojú. Ìmọ́lẹ̀ ti fọ̀ ọ́ nù. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ó ti bọ́ sí i?" ni Wùnmí bèèrè.

Morádéyọ̀ sọ fún un pé kò bọ́ sí i. Kò sọ nípa obìnrin náà.

"Má sunkún. Ẹnì kan wà ní Adó tó ń lu òǹtẹ̀ dókítà. Kò ní wo ojú ẹ rárá. Fọ́ọ̀mù mìíràn wà lọ́wọ́ mi. Ṣáà máa bọ̀."

Ó wọ ọkọ̀ dé oríta Ìfàkì. Ọ̀nà Adó wà lápá kan, ọ̀nà Ọ̀yẹ́, tó lọ sí ilé wọn ní Ayégbajú, wà lápá kejì. Ó dúró lápá Adó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ló ń wí lọ́kàn. Kí wá ni alákàn ó ṣe bí ojú bá ń parọ́ fún un? Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló ń parọ́. Ọ̀kejì kò parọ́ rí.

Tírélà kan sáré kọjá, ó gbé eruku dìde. Eruku náà wọ ojú ọ̀tún rẹ̀ bí ata. Ó pa ojú náà dé, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin náà sì ti wà níwájú rẹ̀.

Kò sún mọ́ ọn tó báyìí rí. Aṣọ aró, gèlè pẹlẹbẹ, ọwọ́ lójú, nínú gbogbo funfun yẹn. Morádéyọ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń bá a gbé: kí èèyàn dúró, kó máa mí, kó má ṣe dá a lóhùn bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà á. Ó ń wò ó. Obìnrin náà ń wò ó.

Ètè rẹ̀ sì mira.

"Ọmọ, mo ń kí ọ, o ò dáhùn."

Dókítà ní wọn kì í sọ̀rọ̀. Morádéyọ̀ fi ipá ṣí ojú ọ̀tún pẹ̀lú omijé àti eruku nínú rẹ̀, ó sì rí ìyá oko kan tó ru agbada ẹ̀gẹ́, tó fi ọwọ́ kan di agbada mú, tó ń fi ìkejì nu eruku kúrò lójú tirẹ̀ náà.

"Bá mi sọ̀ ọ́, ọrùn ń dùn mí."

Ó bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ẹ̀gẹ́ méjì já bọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

Ìyá náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Níbo ni mo ì bá wà?"

Awakọ̀ kan ń pè pé ó ku ẹnì kan, Adó, Adó. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Morádéyọ̀ wo ààyè kan tó ṣófo nínú ọkọ̀ náà, lẹ́yìn náà ó bèèrè lọ́wọ́ ìyá oko bóyá kí òun bá a gbé ẹrù rẹ̀ rù padà. Nígbà tó gbé e rù ú tán, ó sọdá sí apá Ọ̀yẹ́. Inú ọkọ̀ ló wà nígbà tó ránṣẹ́ sí Wùnmí pé òun kò bọ̀ mọ́.

Ọkọ̀ ti sáré díẹ̀ kí ìbéèrè dókítà tó padà wá bá a. Ta ló ní irú ojú yìí nínú ẹbí yín? Kò parọ́ nígbà tó ní kò sí. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún un rí. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Àgbà Modúpẹ́, opó Ògúnbọ̀dé, wà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń dá jókòó láti ìgbà tí Morádéyọ̀ ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kí i, á yí ojú kúrò lára onítọ̀hún sí ògiri. Ìgbéraga ni, àwọn kan ní. Ìkórìíra ni, màmá Morádéyọ̀ ní. Nígbà mìíràn, bí àwọn ọmọ bá ń ṣeré níwájú rẹ̀, á gbọ́wọ́ sókè, á ní, "Ẹ jẹ́ kó kọjá," nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí màmá rẹ̀ sọ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó dé ilé. Kò yà sí yàrá màmá rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ. Ìyá Àgbà ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú igbá, ìka rẹ̀ ń ríran fún un.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Morádéyọ̀ ni."

Arúgbó náà yí ojú sí ògiri. "O káàbọ̀."

Morádéyọ̀ jókòó sílẹ̀. Kò mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

"Ta ni ẹ máa ń ní ká jẹ́ kó kọjá?"

Ìka dúró nínú ẹ̀gúsí. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Aṣọ aró ló ró."

Adìẹ kan wá ṣa ẹ̀gúsí níwájú wọn, Ìyá Àgbà kò lé e.

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó fi bo ojú."

"Èwo?"

"Òsì."

"Ó ti sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó ti pẹ́. Ọjọ́ tó sọ ọ́ kalẹ̀ ni mo wo bàbá rẹ tí n kò rí orí lọ́rùn rẹ̀."

"Kí ló wà níbi tó fi ọwọ́ bò?"

"Kò sí nǹkan kan. Ó kàn funfun."

Morádéyọ̀ fẹ́ bo ojú ọ̀tún kó wò ó bóyá ìka obìnrin náà ti ń ṣí, ó gbé ọwọ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò lè gbé e dé ojú.

"Ẹ̀yin ò ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Àjẹ́ ni wọ́n ń pè mí nígbà tí n kò tíì sọ nǹkan kan. Bí mo bá wá ní mo ń rí ènìyàn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n sùn nínú ulé?"

"Dókítà kan wà ní Ìdó. Mo sọ ọ́ fún un lónìí. Ó kàn bi mí bó ti pẹ́ tó ni. Ẹ ó bá mi lọ lọ́la."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dún. Ó gbé igbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. "Sún mọ́ mi," ló wí. "Jẹ́ kí n rí ọ."

Morádéyọ̀ sún mọ́ ọn. Arúgbó náà gbé orí sókè, ó sì yí ojú kúrò lára rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́, sí ògiri tí kò ní nǹkan kan lára, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo wọn láti ọdún pípẹ́ wá. Ó dá ojú dúró síbẹ̀, ó na ọrùn díẹ̀, bí ẹni tí ènìyàn dúró síwájú rẹ̀ tó sì ń wá ibi tí yóò gbà ríran kọjá.

"O ti tóbi," ló wí. "O jọ bàbá rẹ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́."

Ó wá yé Morádéyọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi ń rí òun. Ó jókòó jẹ́ẹ́, kò mira, kí ìyá bàbá rẹ̀ lè wò ó tẹ́rùn.