Ewúrẹ́ Tó Gba Ìsọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday tí wolé-wolé máa wá wo ṣọ́ọ̀bù wa ní Tucker, Màmá Dáramọ́lá, ìyá tó bí màmá mi, ti din ẹja kalẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ. Káúntì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, ló ń fúnni níwèé àṣẹ láti ta oúnjẹ. Láìsí ìwé yẹn, àkàrà tí Màmá ti ń lálàá rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Amẹ́ríkà kò ní kúrò nílé.

Ẹni tí káúntì rán wá ni Uncle Ọbáfẹ́mi, tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Stone Mountain. Màmá ní Ọlọ́run ti fi èèyàn wa síbẹ̀.

Uncle dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ṣí fíríìjì, wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n ti ọwọ́ bọ omi tá a fi ń fọwọ́. Omi náà kò gbóná tó bí òfin ṣe fẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa gbójú sókè, Màmá ti gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú wọn. Uncle ní àwọn ò lè jẹ ẹ́. Màmá rò pé ojú ló ń tì wọ́n, ni wọ́n bá fi ẹran kún un, wọ́n tún di òmíràn sínú kúlà fún ìyàwó Uncle. Uncle tún kọ̀. Ojú Màmá yí padà.

"Ọbáfẹ́mi, ṣé májèlé ni mo fi sè é ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Tí mo bá jẹ ẹ́, mi ò lè fọwọ́ sí ìwé yín mọ́."

Màmá ní àlejò kì í ti ilé àwọn jáde lẹ́nu gbígbẹ, pé ẹni tó bí Ọbáfẹ́mi fúnra rẹ̀ kò ní gba irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀. Èmi ń nu àwo tó ti gbẹ tipẹ́. N kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ilé ni mo ti kàwé, kì í ṣe iléèwé, nídìí tábìlì Màmá, kò sì sí ìtàn wọn tí n kò gbọ́.

"Màmá," mo ní, ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "ìyá tó fa ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?"

Nílùú Màmá, kí wọ́n tó bí màmá mi, ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ìsọ̀ tuntun sọ́jà. Orúkọ Màmá ló ṣáájú nínú ìwé àwọn tó máa gba ìsọ̀. Ìyá kan wá fa ewúrẹ́ lọ sílé akọ̀wé tó ń pín ìsọ̀, ó ní òun kàn wá kí i ni. Òun ni wọ́n fún ní ìsọ̀ Màmá. Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá fi din àkàrà nínú oòrùn.

Màmá wo kúlà náà títí. Ẹ̀rín wá yọ lẹ́nu wọn.

"Ọmọ yìí, o wá sọ mí di ìyá eléwúrẹ́." Wọ́n fi ọmọrí dé ìrẹsì.

A pe ẹni tó tún omi ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì Uncle padà wá, omi gbóná, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Wọn ò tiẹ̀ mu omi lásán.

Ní Saturday tá a ṣí ṣọ́ọ̀bù, Uncle tò sórí ìlà bíi tàwọn yòókù, wọ́n sanwó àkàrà mẹ́fà. Gbogbo ẹni tó ṣáájú wọn ni Màmá bu èènì fún, ọ̀kan lé lórí ohun tí wọ́n rà. Nígbà tó kan Uncle, ṣíbí Màmá dúró lókè epo.

"Mẹ́fà géérégé, Ọbáfẹ́mi. Ìwọ ò ní èènì."

Uncle na ọwọ́ méjèèjì gba àpò náà. "Ẹ ṣé, mà." Wọ́n ti ń jẹ ìkejì kí wọ́n tó dé ìdí mọ́tò.