Káàdì Bàbá Fùwàd

Bí mo bá dìde nísinsìnyí, tí mo rọra gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde bí ẹni tó fẹ́ lọ ra omi mu... Rárá. Jókòó, Ìwàlọlá. Ẹni tó ti jókòó síbí láti aago méje àárọ̀, ibo ló tún fẹ́ lọ? Ẹsẹ̀ mi ti wú. Bàtà yìí kì í ṣe bàtà ẹni tó ń tò sórí ìlà, bàtà kí-wọ́n-lè-rí-mi ni. Nítorí ọ́fíìsì ni mo ṣe rà á, ó sì ń fi ojú mi rí màbo.

Ọjọ́ kẹta rèé tí mò ń ti Bonabéri gba orí afárá wá sí ọ́fíìsì ìwé àlejò ní Bonanjo lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Lọ́jọ́ kìíní, obìnrin tó wà nínú wíńdò ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wa ò sí lórí lẹ́tà. Lánàá, òǹtẹ̀ ti wà, ó ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i ni kò wá. Lónìí, gbogbo rẹ̀ pé. Ó pé sínú àpòòwé tó wà lórí itan mi: lẹ́tà tó sọ pé Sàlísù Àjàdí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa mọ́, àti káàdì séjour rẹ̀, ìwé tó fi ń gbé ìlú yìí. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ káàdì náà, *annulé*, ó ti di òfo, ó parí. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n á fún un kó fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Ẹrù ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.

Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Wọ́n rán mi ni. Aurélien, ọ̀gá wa, ló rán mi.

Sàlísù... Ta ni mò ń pè ní Sàlísù? Orúkọ inú fáìlì nìyẹn. Bàbá Fùwàd ni mò ń pè é láti kékeré. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń se ọṣẹ nílé iṣẹ́ wa, èmi sì ni mò ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ kúrò ní Ọ̀ffà wá síbí. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ síléèwé fún odidi ọdún kan, nínú òjò Douala tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, á fi bo àpò ìwé mi. Fùwàd ọmọ rẹ̀ á máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, á máa bínú. Àkọ́bí tirẹ̀ gan-an!

Ó yẹ kí n má ronú dé ibi kẹ̀kẹ́ yẹn. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ bá a nídìí ẹ̀rọ. Ooru ibẹ̀, ẹ gbà mí. Mo kúnlẹ̀. Pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, lórí sìmẹ́ńtì tí epo ti mú kó máa yọ̀, mo kúnlẹ̀ gbọn-ọn-ọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba káàdì yín. Wọ́n fẹ́ bá yín ṣe é lọ́tun." Irọ́ funfun báláú. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wọ ọ́fíìsì, mi ò kúnlẹ̀ kí i mọ́, mo kàn máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n ó sì yára kọjá. Òun náà rí i pé tọjọ́ náà yàtọ̀. Ó wò mí títí.

"Ìwàlọlá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

Ó fi àkísà nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó yọ káàdì náà látinú àpò àyà, inú ọ̀rá búrẹ́dì ló wà, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó ṣì lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ nígbà tó dé ọwọ́ mi. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n jèrè iṣẹ́ mi. Mo ṣe àmín. Ẹnu mi yìí ló ṣe àmín.

Ọkùnrin tí mò ń wí yìí o! Bí François tó jẹ́ ọ̀gá wọn nídìí ẹ̀rọ bá yá sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní kí n kọ nǹkan kan. Ọmọ tó kúnlẹ̀ síwájú ẹni, ta ní ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíì ló lọ bá a, tó dúró ṣánṣán, tó ń sọ Faransé, ì bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú lẹ́tà wá kí Àmírát ọmọ òun kà á fún òun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn, pé mo mọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá bàbá mi kọ́ mi, òun ni mo fi gbà á.

Ìyá àgbà... Ọ̀ffà ló ti wá tọ́ mi, kò gbọ́ Faransé kankan títí tó fi kú. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá mi fi dà bíi ti arúgbó, tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí bíi tèmi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bó bá wà níbí, kí ni ì bá sọ? Á kàn wò mí látòkè délẹ̀, á pòṣé, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n ti pe ẹnì kan. Kì í ṣe èmi. Ọkùnrin tó wọ kóòtù ni. Àwọn mẹ́rin ló kù níwájú mi.

Ẹ jẹ́ kí n tún un rò. Alhaja Bàdámọ́sí wà ní Akwa nílùú yìí, ìyẹn tó ń ta ẹ̀rọ ìlọta. Ó ti sọ ọ́ létí mi nílé Bàbá Fùwàd lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, pé, "Sàlísù, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí o máa lọ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni kí o gbà. Ẹ̀rọ tí mò ń tà ń fẹ́ ẹni tó máa tún un ṣe." Ó ní òun á fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Kò sì ṣòro. Bí káàdì bá ṣì wà láàyè, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ ọ̀gá lórí ìwé, ó tán. Ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì péré. Ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀ bá ti kàn án, Alhaja mẹ́wàá ò lè jí i dìde. Bẹ́ẹ̀, káàdì tó ń kú lọ ni mo gbé lọ́wọ́ yìí, ẹni tó ni ín ò tíì gbọ́. Ó ń se ọṣẹ lọ ní Bonabéri. Ó rò pé mo lọ bá òun ṣe é lọ́tun.

Àmírát ní ìdánwò ní oṣù kẹfà. Oṣù kẹrin la wà yìí. Ọmọ yẹn! Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri yàrá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ìyá rẹ̀ ń kó abọ́ sí. Bí wọ́n bá kó o lọ sí Ọ̀ffà lọ́sẹ̀ méjì òní, ta ló máa fi Faransé bi í ní ìbéèrè níbẹ̀? Ó máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ṣùgbọ́n Bakassi ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé Bakassi. Láti oṣù kejì tí ìbọn ti dún níbẹ̀ láàárín sójà ibí àti ti Nàìjíríà, ta ni inú rẹ̀ dùn láti rí ọmọ Nàìjíríà? Jacques tó ń di ọṣẹ sínú páálí, àbúrò rẹ̀ jẹ́ sójà, ó wà níbẹ̀, wọn ò gbúròó rẹ̀ di ìsinsìnyí. Jacques ò burú. Tẹ́lẹ̀, òun àti Bàbá Fùwàd jọ máa ń jẹ búrẹ́dì ọ̀sán ni. Ní báyìí, bí Bàbá bá kọjá, ó máa ń gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ ò gbádùn mọ́. Aurélien rí i. Àwọn kan ti kọ̀wé sí i láti òkè pé àlejò pọ̀ jù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó pè mí. Fáìlì Bàbá Fùwàd wà lórí tábìlì. Ó gbá a mọ́lẹ̀, ó ní...

Kí ló tiẹ̀ ní?

Ó ní ọ̀rọ̀ náà sú òun. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n... Ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Ìyẹn náà, iṣẹ́ ló rán mi. Ìyá àgbà máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó dáa, mò ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo wọṣọ tó dáa. Mo kí obìnrin inú wíńdò. Báwo ni wọ́n tún ṣe ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́?

Ìwàlọlá, ta lò ń tàn?

Ẹnì kan ń hanrun lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn mi. Ó wù mí kí n rí oorun bẹ́ẹ̀ sùn.

Àárọ̀ ni wàhálà mi. Ẹ wò ó, n ó sọ ọ́, ṣebí inú ara mi ni mo ti ń sọ ọ́. Ní gbogbo àárọ̀, bí mo bá ti wọ ẹnu géètì, Bàbá Fùwàd á dúró láàárín ọgbà, á gbóhùn sókè: "Ìwàlọlá! Ọmọ ìjàkadì! Ọmọ Ọ̀ffà, ṣé dáadáa lo jí?" Ohùn rẹ̀ ń ró ju ẹ̀rọ lọ. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dùn mọ́ mi, ó dà bí ẹni pé bàbá mi ló ń pè mí. Ṣùgbọ́n Martine ni mo fi wọṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ìdílé ìyá mi, ará Deido níbí. Ọmọ ìlú ni mí, káàdì tèmi kì í ṣe ti àlejò. Láti oṣù kejì, bó bá ti pè mí báyẹn, gbogbo orí á yí. Jacques á wò mí. Àwọn tó ń di ọṣẹ á wò mí. Lọ́jọ́ kan Jacques bi mí pé, "Martine, kí ni orúkọ tí ará Nàìjíríà yẹn ń pè ọ́?"

Mo ní, "Má dá a lóhùn. Ó ti ń darúgbó, ó máa ń fi mí pe ẹlòmíì."

Mo sẹ́ ẹ. Bàbá náà sì wà níbẹ̀, kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, ó gbọ́ Faransé dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kí mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kí mi.

Ẹni mẹ́ta ló kù. Ẹni méjì. Kí ló ń lé wọn?

Aurélien. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an. Ó gbá fáìlì mọ́lẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin yìí ní ọmọ tó ń ṣe ìdánwò." Ó mọ̀. Ó bi èmi náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oṣù kẹfà. Ó ní, "Ó dáa, jẹ́ kó wà nínú dúróọ̀ títí di oṣù keje. Kò sẹ́ni tó máa béèrè." Ó fa dúróọ̀. Ó ju fáìlì sí i. Ó fẹ́ tì í.

Èmi ni mo ní, "Ẹ má tì í."

Èmi ni. Mo ní kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ nílẹ̀, wọ́n lè fi mú ilé iṣẹ́. Ó ní ọkùnrin náà ò ní gbé káàdì kalẹ̀ wẹ́rẹ́, pé á lọ pe àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ní í purọ́. Mò ń rìn lọ sílé, mò ń rò ó pé láìpẹ́, n ó wọ géètì láàárọ̀, kò ní sẹ́ni tó máa pè mí.

Àwọn ọmọ ogun Bakassi ò mọ̀ mí. Jacques ò sọ pé kí n lọ. Aurélien ti fẹ́ ti dúróọ̀.

"Savonnerie de Bonabéri!"

Wíńdò ti ṣí. Obìnrin náà na ọwọ́ jáde, ó ń ju ìka, ó ń wá ẹni tó ni ìwé ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Ó tún pè é. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn. Mi ò tíì dìde. Àpòòwé ṣì wà lórí itan mi, ó wúwo bí ìgbà tí ọmọ bá sùn lé ni lẹ́sẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni mo rán ara mi.