Ìpín Ẹni Tó Lọ sí Kùwéètì

Káírò kò jìn sí Mansura, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ọ̀nà náà gùn lójú Rawya bí ìrìn ẹni tó ń lọ tọrọ ohun tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fúnni. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, òun àti Wagih, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn ìgbèríko fi ń wá oògùn lọ́dọ̀ ara wọn lórí fóònù. Wọ́n pín in ní méjì ọgbọọgba. Wọn kò kọ ìwé kankan. Wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n ka Fátíhà, ó tán. Ta ni yóò tún wá lọ́yà lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti gbọ́? Nígbà tó di oṣù karùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Wagih ríṣẹ́ sí Kùwéètì, ó lọ.

Wàyí o, Màdáámù Inas, olówó tó fẹ́ fowó sí iléeṣẹ́ náà, ti sọ tirẹ̀: “Ọmọ mi, n kì í bomi rin oko tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò roko. Bí kò bá yanjú kó tó di ọjọ́ Àìkú, mo bá ibòmíràn lọ.” Bó bá sì lọ, iléeṣẹ́ kú nìyẹn.

Wagih wà nílé ní Mansura fún ìsinmi. Ìyá rẹ̀, Hajja Ihsan, ló kọ́kọ́ jáde, ó ń kì í: “Ọmọ Abdelhalim, ọ̀pẹ dàbínù tí afẹ́fẹ́ ń tì tí kò wó! Wọlé, pẹ́pẹ́yẹ ti jinná.”

“Ọ̀gá Káírò rántí wa lónìí,” ni Wagih wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jẹun ná kí ẹ tó bú mi.”

Nígbà tí Rawya sọ ohun tó bá wá, pé kí Wagih dín ìpín rẹ̀ kù, ẹ̀rín kúrò lójú Wagih. “A ka Fátíhà, Rawya. Ṣé o fẹ́ ká kà á sẹ́yìn ni?”

Ọ̀rọ̀ náà gún Rawya. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Òru mẹ́ta ló fi gbàdúrà lé e lórí kó tó wá. Ó fara balẹ̀, torí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Hajja Ihsan, tó ń kó àwo, dúró. “Wagih, àwọn wo ló tún ń ka Fátíhà sí àdéhùn?”

“Màmá, ẹ má dá sí i.”

“Àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà ni. Ọkọ á fún ìyàwó ní góòlù. Bí ọkọ bá fúnra rẹ̀ tú àdéhùn náà, ṣé ó ń padà wá gba góòlù? Nígbà tí àbúrò rẹ ọkùnrin já ọmọbìnrin Fawzi sílẹ̀, ta ló ní kò gbọdọ̀ béèrè ẹ̀gbà ọwọ́ kan ṣoṣo?”

Wagih fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

“Ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá àkọ́kọ́,” ó wí, “ẹsẹ̀ mi ni mo fi wá wọn nínú oòrùn.”

“N kò gbàgbé. N kò wá gba gbogbo rẹ̀. Ẹ mú márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.”

“Mẹ́jọ.”

Rawya mọ̀ pé òun lè ná an dé mẹ́fà. Ó ro ti ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá yẹn. “Mẹ́jọ ni, ẹ̀gbọ́n.” Ó pe Màdáámù lórí fóònù níbẹ̀.

“Ó pọ̀ jù fún ẹni tó ti lọ,” ni Màdáámù wí.

“Bí mo bá rẹ́ ẹ jẹ lónìí, mà, kí ni yóò fi yín lọ́kàn balẹ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́la?”

Màdáámù mí kanlẹ̀. “Kó fọwọ́ sí i kí o tó kúrò níbẹ̀.”

Rawya kọ mẹ́jọ sínú ìwé àdéhùn tó mú wá, Wagih sì fà á mọ́ra. “Ǹjẹ́ mẹ́jọ yìí á di nǹkan?”

“Ọlọ́run ló mọ̀. Ó lè di òfo.”

Wagih kà á láti òkè délẹ̀, ó tún un kà, kó tó béèrè bíírò.