Ibi Tí Wọ́n Sin Ìwọ́ Dosu Sí

Òótọ́ ni Jẹ̀mílátù sọ, òótọ́ náà ló sì fẹ́ ba ti ọmọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn àgbà kúkú ti wí i tipẹ́: òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí lọ́dún tí mò ń wí yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fẹnu kò pé kí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, Dàhòmì, Tógò àti Gòólù Kóòsì figa gbága nídìí bọ́ọ̀lù, kí ẹni tó bá borí gba ife. Àgbádárìgì ni Nàìjíríà ti máa kọ́kọ́ pàdé Dàhòmì. Dosu, ọmọ Jẹ̀mílátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni wọ́n mú ṣe aṣọ́lé Nàìjíríà, òun nìkan sì ni ọmọ Àgbádárìgì láàárín wọn. Ẹ wo bí ìlú ṣe yọ̀! Baba rẹ̀, apẹja Ègùn tí kì í yá ẹnikẹ́ni ní àwọ̀n, fa odindi àwọ̀n kan yọ, ó so ó mọ́ igi méjì létí ọ̀sà kí ọmọ lè máa fi dánra wò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gbá a ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wá sílé wọn pẹ̀lú ìwé. Tíṣà Gbádéyan tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní bọ́ọ̀lù ló ń ṣe ògbufọ̀. Wọ́n bèèrè orúkọ, wọ́n bèèrè ọjọ́ orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Níbo lẹ bí i sí?"

"Ilé ìyá mi ni, ní Àjàṣẹ́," ni Jẹ̀mílátù wí, ó gbórí sókè.

Tíṣà wúkọ́, ó ṣẹ́jú sí i. Jẹ̀mílátù kò rí i. Àwọn ará ilé dúró yí wọn ká, báwo ni obìnrin tó nílé lẹ́yìn yóò ṣe sọ lójú wọn pé ilé ọkọ lòun bímọ sí, bíi pé òun ò níyàá? Yàtọ̀ sí ìyẹn, Àgbádárìgì ló bí ìbejì tó ṣáájú Dosu sí, kò sì sí èyí tó pé oṣù kan nínú wọn. Nígbà tí oyún Dosu dé, Tọ̀yìbátù ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ ojú omi wá mú un, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀.

"Àgbàlá ìyá mi ni ìwọ́ rẹ̀ wà títí dòní," ló tún fi kún un.

Ẹyin lohùn. Dàhòmì, lọ́wọ́ Faransé, ni Àjàṣẹ́ wà, ẹni tí wọn ò bá sì bí sí Nàìjíríà kò lè ṣọ́lé fún Nàìjíríà. Ajẹ́lẹ̀ fa ìlà lórí orúkọ Dosu. Jẹ̀mílátù ní ọmọ ilé baba rẹ̀ lọmọ ń jẹ́, pé ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó ti pa ìwé rẹ̀ dé.

Dosu kò bá a jà. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ọmọ náà ká jẹ́sì rẹ̀ sábẹ́ ẹní, kò lọ sétí ọ̀sà mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, "Ẹ ṣeun, ìyá mi," á sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Jẹ̀mílátù gba ilé Tíṣà lọ.

"Ìyá Ìbejì," ni Tíṣà wí, "ajẹ́lẹ̀ ní bí ẹ bá lè fi Kùránì búra pé ẹ ṣì í sọ ni, pé Àgbádárìgì níbí lẹ bí i sí, òun á dá orúkọ rẹ̀ padà."

"Mà á búra."

Ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà á. Ojú sì ń tì í, nítorí ilé tó gba ọmọ yẹn là ló fẹ́ lọ sẹ́.

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n gbé tábìlì ajẹ́lẹ̀ sábẹ́ igi àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Àwọn ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ ti gúnlẹ̀, èrò kún inú wọn fọ́fọ́. Jẹ̀mílátù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé Kùránì ni olórí àwọn ọmọ Dàhòmì fa arúgbó kan dé. Tọ̀yìbátù ni, ó wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Láti àárọ̀ ni màmá yìí ti ń sọ fún wa nínú ọkọ̀ pé ilé òun ni wọ́n bí aṣọ́lé Nàìjíríà sí," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ bi í."

Kí ni Tíṣà fẹ́ ṣe? Ó ní, "Màmá, ṣé ọmọ yìí ni?"

Kò sẹ́ni tó ti sọ nǹkan kan fún Tọ̀yìbátù. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí Kùránì. Ó wo Dosu tó dúró láìwọ bàtà, tó gbá jẹ́sì mọ́ àyà. Ogójì ọdún ló ti fi ń gbẹ̀bí. Ó mọ ojú ẹni tó wà nínú ìrora.

"Èwo?" Ó fún ojú pọ̀. "Rárá o. Pupa lọmọ-ọmọ tèmi, ó sì sanra. Èmi ò mọ eléyìí rí. Mo kàn ń fọ́nnu nínú ọkọ̀ ni, àgbà ló dé sí mi." Ó yíjú sí tábìlì. "Ẹ gba Kùránì lọ́wọ́ obìnrin yẹn jàre. Ta ni kì í mọ ibi tó bímọ sí?"

Ẹ̀rín sọ. Tíṣà túmọ̀ rẹ̀, ajẹ́lẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi ìbúra sílẹ̀, ó sì kọ orúkọ Dosu padà.

Àwọn ọmọ Dàhòmì mọ bọ́ọ̀lù gbá o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dosu mú bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa ti ní ó wọlé. Nàìjíríà gbá góòlù kan wọlé, Dàhòmì kò gbá ẹyọ kan wọlé. Ní gbogbo ìgbà tí ìlú bá hó, Tọ̀yìbátù á jókòó jẹ́ẹ́ láàárín àwọn ará Àjàṣẹ́, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì: oríkì ọmọ ló ń kì láìlóhùn. Jẹ̀mílátù rí i láti òdìkejì pápá, kò sì lè kọjá lọ kúnlẹ̀ kí ìyá tó bí i. Omijé ń dà lójú rẹ̀, àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ni.

Bí fèrè ti dún, Dosu sáré la pápá já, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn níwájú arúgbó náà. Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Tọ̀yìbátù na ọwọ́ sí orí ọmọ náà, ó rí ajẹ́lẹ̀, ó sì fa ọwọ́ náà padà.

"O kú iṣẹ́, ọmọ olọ́mọ," ló wí. "Dìde, máa lọ bá àwọn èèyàn rẹ."